Kànga Tí A Kọ́kọ́ Fún Lómi

Ọyẹ́ tó mú láàárọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń bá ṣeré. Ó ti fẹ́ mọ́jú, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, eruku funfun ti bo Minna débi pé òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tí mo máa ń rí láàárọ̀ kí n tó rí ojú ènìyàn, ti pòórá bí ẹni pé wọ́n ká a lọ. Ètè wa ti sán. Ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó gba inú èlùbọ́ kọjá. Omi tó ń ta sí mi lọ́rùn láti inú garawa bí mo ṣe ń bọ̀ láti odò tutù tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń ké, tí Ládi, ọmọ Hausa tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ń fi mí rẹ́rìn-ín, tí òun náà sì ń ké tirẹ̀. Mo délé, mo da omi sínú ìkòkò ńlá, mo lọ yáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ìyá mi, níbi tó ti ń ro kòkó, ẹ̀kọ mímu àwọn Hausa, tó máa ń tà fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Bàbá mi ti ti mọ́ṣáláṣí dé. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó wo ìdì igi gbígbẹ tó gbé ti ògiri, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ kí ìyá ẹ fọwọ́ kan igi yẹn o. Ti kànga ni." Ìyá mi dá a lóhùn láti ìdí ààrò pé òun ò tíì di olè igi. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó so bàtà kan tán. Ó fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀ kó tó so èkejì, kò sì so èkejì mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lọ. Kò sí àìsàn, kò sí pé a gbé e lọ síbì kankan. Ìyá mi bu kòkó rẹ̀ sínú igbá, ó gbé e wá, ó ní, "Bàbá Sàlá, ó ń tutù o." Ó tún un sọ. Nígbà tó máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀, mo sì gbójú kúrò lára iná. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tó ń lọ sí yunifásítì ní Gidan Kwano máa ń bi mí pé kí ló pa á. Wọ́n á ní ọkàn ni, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ọlọ́jọ́ dé, ó bá a lórí ẹní ara rẹ̀, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, bàtà iṣẹ́ wà ní ẹsẹ̀ kan. Mo ti dàgbà ju bàbá mi lọ báyìí, ó sì ti pẹ́. Bí a bá pàdé lónìí, àfàìmọ̀ kó má dọ̀bálẹ̀ kí mi. Mo ti sunkún rẹ̀ tó, n ò fẹ́ fi ìwé yìí sun òmíràn. Ọ̀rọ̀ kànga ni mo fẹ́ sọ, torí pé kànga yẹn ni gbogbo ọdún náà fún àwa tí a wà nínú agbo ilé yẹn.

Búráímọ̀ ni orúkọ bàbá mi, ṣùgbọ́n Búráímọ̀ Ojú-Irin ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi òòlù ńlá tún ojú irin ṣe kí ọkọ̀ má baà yẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti bí i, Minna ni wọ́n ti bí èmi. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an ló kù. Òrùlé ta ló ń jò? Búráímọ̀. Aláìsàn wo ni wọ́n fẹ́ gbé lọ sí ọsibítù? Kẹ̀kẹ́ Búráímọ̀. Sàréè tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán, Búráímọ̀ ni, ìbáà jẹ́ ti Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ ti ọmọ ìjọ. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó máa ń sọ bó bá ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ dí ihò lójú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa: "Ẹni tó bá rí ihò tó sì rékọjá, òun ló gbẹ́ ẹ." Ìyá mi á dé oúnjẹ rẹ̀, á sọ pé, "Ọkọ gbogbo ìlú, tèmi ló kù sínú àwo yìí." Síbẹ̀, mi ò rí bàbá tó fi ara fún ọmọ bí tirẹ̀. Bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, òun ló máa ń gé èékánná mi. Òun ló gba aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ti gbó, tó ká a, tó hun ún, tó fi ṣe òṣùká nípọn nípọn fún mi, kí garawa má baà máa jẹ mí lórí. Ó máa ń wo ọrùn mi bí mo bá ti odò dé, á ní, "Àṣàkẹ́, ọrùn ọmọbìnrin yìí ń kúrú. Ọrùn kì í ṣe òpó tí wọ́n fi ń gbé òrùlé dúró."

Ohun tó jẹ́ kó dáwọ́ lé kànga náà nìyẹn. Bí ọyẹ́ bá ti dé, odò tí a ń lọ á gbẹ kù díẹ̀, àá máa fi igbá há omi láàárín òkúta, àwọn obìnrin á máa bára wọn jà. Àwa ọmọbìnrin á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́, nígbà tí a bá sì fi dé, àwọn ọmọkùnrin ti jókòó síwájú ààfáà, wọ́n ti ń ka wàláà wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi mọ̀wé púpọ̀. Bàbá mi lọ bá Bàbá Sùnmọ́nù, baálé ilé wa, ará Ìlọrin bíi tiwa, pé kó fún òun ní ìwọ̀n ilẹ̀ díẹ̀ níwájú agbo ilé kí òun gbẹ́ kànga fún gbogbo ènìyàn. Bàbá Sùnmọ́nù kò fẹ́. Inú kànga ni àbúrò rẹ̀ kú sí ní Ìlọrin nígbà tí wọ́n wà léwe, kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló lè sọ pé rárá fún ẹni tó gun orí òrùlé rẹ̀ nínú òjò? Ó gbà. Bàbá mi àti Bọ̀ọ̀dá Jósẹ́fù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ojú irin, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ rọ̀ títí kànga fi jìn ju ọkùnrin méjì tó gun ara wọn léjìká. Ẹ̀yìn náà ni dígà bá òkúta. Ẹni tó bá mọ Minna mọ irú òkúta tí mò ń wí. Dígà á kọ lù ú, iná á ta, òkúta á dúró síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kí i ni.

Ààrò ìyá mi ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi ni mò ń ro kòkó, oorun sì ń kùn mí. Kòkó hó, ó ru, ó dà sórí òkúta ààrò kan tí iná ti sun pọ́n. Òkúta náà dún pàù, ó sì là sí méjì. Ìkòkò dojú dé. Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi létí nígbà tí bàbá mi sáré wọlé, tó mú òkúta tó là náà, tó fi aṣọ gbá a mú torí ooru, tó ń yí i wò sọ́tùn-ún sósì. Ó ní, "Àṣàkẹ́, má lù ú. Má lu ọmọ yìí láéláé." Ó mú òkúta náà lọ bá Jósẹ́fù. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí: ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi okùn sọ igi gbígbẹ sínú kànga, wọ́n á dáná sórí òkúta, wọ́n á jẹ́ kó jó di àárọ̀, ní àárọ̀, wọ́n á da omi tútù sí i lójijì, òkúta á sì sán. Kí ẹnikẹ́ni tó wọ ibẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ sọ àtùpà kalẹ̀. Bí àtùpà bá ń jó dé ìsàlẹ̀, ènìyàn lè wọ ọ́. Bó bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tíì dára, ó di ọjọ́ mìíràn. Bàbá mi kì í ṣeré pẹ̀lú èyí rárá. "Àtùpà ni àgbà kànga," ló máa ń wí, "òun ló ń kọ́kọ́ wọlé."

Ẹ wá rò ó wò. Odò jìnnà, omi ṣọ̀wọ́n, àwa ọmọ ń fi orí rù ú wálé, bàbá mi sì ń gba garawa kan lójoojúmọ́ dà sínú kànga. Gbogbo àdúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Kai, Malam Buraima," ni àwọn tó ń ra kòkó máa ń wí, "kànga àwọn èèyàn ń fún wọn lómi, tìrẹ ń mu ún!" Ládi náà sọ fún mi lọ́nà odò pé, "Wallahi, bàbá ẹ ń fún kànga lómi mu bí ẹṣin. Ọjọ́ wo ló máa sáré?" Mo bá a jà torí ọ̀rọ̀ yẹn, a sì ti parí ìjà kí a tó délé, torí pé ẹni tó bá ru omi kò lè jà dáadáa. Bàbá mi kì í bínú. Á ní kò sí ohun tó burú nínú ká fún kànga lómi. Àlejò tí a bá fún lómi mu lónìí ni yóò bù fún wa lọ́la.

Òkúta ṣì kù nílẹ̀ nígbà tó kú. Ìdì igi tó fi hàn mí láàárọ̀ yẹn ni iná tó kàn. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó yí, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Àwọn tó wá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ wọn fi tẹ ọ̀nà ibi sàréè mọ́lẹ̀: Hausa, Gwárí, àwa Yorùbá, àwọn ọmọ ìjọ tó bọ́ fìlà sílẹ̀ tí wọ́n dúró lókèèrè, tí Jósẹ́fù wà láàárín wọn tó ń fi apá aṣọ nu ojú. Ìyá mi sì bọ́ sínú tákàbà, ìjókòó opó tí àwa Mùsùlùmí ń ṣe fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Kò ní jáde kúrò ní agbo ilé, kò ní lọ ọjà, kò ní ṣe ọ̀ṣọ́. Ohun tó bá fẹ́ níta, èmi ni ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń ṣe àdúà fídáù fún bàbá mi, àwọn obìnrin kún àgbàlá láti se oúnjẹ. Igi tán lábẹ́ ìkòkò. Obìnrin kan, kò mọ nǹkan kan, ó ní, "Igi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri," ó sì nawọ́ sí ìdì igi bàbá mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo sáré. Mo jókòó lé igi náà. Wọ́n ní kí n dìde, mo ní igi kànga ni. Wọ́n fà mí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá a mú, igi náà ń gún mi, mo ń ké pé, "Igi kànga ni! Igi kànga ni!" Ariwo náà dé ibi tí àwọn ọkùnrin jókòó sí. Bàbá Sùnmọ́nù dìde, ó wá dúró níwájú mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò jágbe mọ́ mi. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, èyí ló sì jẹ́ kó dùn mí jù. Ó ní, "Sàlámátù, dìde, ọmọ mi. Kò sí kànga mọ́. A máa dí i. Kànga tó bá mu ẹni tó gbẹ́ ẹ kì í yó. Mo ti rí i rí." Àwọn àgbà kan mi orí. Ẹnì kan ní àmín, bí ẹni pé àdúà ni.

Ìgbà yẹn ni ohùn ìyá mi jáde láti ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò tíì sọ̀rọ̀ tó ju ẹ ṣeun lọ. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú àdúà. Ọkọ mi kò kú sínú kànga. Orí ẹní mi ló kú sí. Bó bá jẹ́ ibi tó kú sí la fẹ́ dí, ẹ wá dí yàrá mi."

Mo gbọ́ bí ọbẹ̀ ṣe ń hó. Bàbá Sùnmọ́nù yíjú sí aṣọ ẹnu ọ̀nà náà. Ó ní, "Àṣàkẹ́, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà. Ẹ ṣáà fún mi títí di ọjọ́ tí mo máa jáde nínú tákàbà. Bí n bá jáde tí kò bá sí omi, èmi fúnra mi ni n ó kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sí i, ẹ ó sì dí i."

"Ta ló máa wọ ibẹ̀?"

"Èmi ni, Bàbá," Jósẹ́fù dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. N kì í bẹ̀rù ibi tí ẹ̀gbọ́n mi bá ti tẹ̀."

Bàbá Sùnmọ́nù fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní ó dáa, ó di ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn ènìyàn kó òkúta àti erùpẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga de ọjọ́ tí wọ́n máa fi dí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá jáde ni mò ń rí òkìtì náà. Ó ń ga ní tirẹ̀, kànga ń jìn ní tirẹ̀, mi ò sì mọ èyí tí yóò ṣíwájú.

Mi ò tíì rí ohun tó dà bí ìyá mi ní àkókò yẹn. Òun tó jẹ́ pé kò fi ojú kan kànga láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú, òun ló ń darí rẹ̀. Ògiri yàrá rẹ̀ ló kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ. Á jókòó ti ògiri náà, á máa ṣa ẹ̀wà tó fẹ́ fi ṣe àkàrà, etí rẹ̀ á sì wà níta. "Sàlá, lọ bi Jósẹ́fù pé ṣé àtùpà ti kọ́kọ́ wọlé." Mo sáré jáde, mo sáré padà: "Ó ní ó ti wọlé, ó ń jó." "Sàlá, sọ fún un pé igi ọ̀pẹ kò dára, èéfín rẹ̀ pọ̀." Mo tún sáré. Jósẹ́fù á ní, "Ìyá ẹ kò lè rí mi, àbí? Báwo ló ṣe mọ̀ pé igi ọ̀pẹ ni?" Mo ní ó gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Jósẹ́fù fẹ́ tún dáná sí òkúta tó ti sun tẹ́lẹ̀, ìyá mi gbé orí sókè nínú ẹ̀wà. Ó ní kí n lọ sọ fún un pé kó má fi igi ṣòfò, òkúta yẹn ti là, kó fi dígà wọ́ ọ. Jósẹ́fù ní òun wò ó, òun ò rí ojú ibi tó ti là. Mo gbé èsì náà wọlé. Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀ ní imú, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin ò ra ìkòkò rí ni? Lọ sọ fún un pé bí mo bá fẹ́ ra ìkòkò lọ́jà, mi ò kì í wo ojú rẹ̀, mo máa ń kan án ni. Ìkòkò tó pé á dún gbọnrangandan. Èyí tó ti sán á dún bí ẹni tó ní ikọ́. Òkúta yẹn ń húkọ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná." Jósẹ́fù fi dígà wọ́ ọ, odindi òkúta sì ṣí bí ìdérí. Láti ọjọ́ náà, kì í dáná mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi òòlù kan òkúta, tó sì dúró kí n lọ gbọ́ ohun tí ìyá mi wí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é dé ìgbà tí ọyẹ́ lọ, tí ooru ńlá Minna sì dé, ooru tí kì í jẹ́ kí ajá gbó. Omi odò kù bí omi ojú. Igi tán, torí pé iná kànga kì í yó. Tákàbà ìyá mi ń lọ sópin, òkìtì Bàbá Sùnmọ́nù sì ti ga ju mí lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Jósẹ́fù jókòó sétí kànga láìní igi tó máa fi dáná, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. A wá rí Gwárí kan tó ń bọ̀, obìnrin tó máa ń ta igi fún ìyá mi, tí a kàn ń pè ní Ìyá Onígi. Ó ru igi lé èjìká bí àwọn Gwárí ṣe ń ru ẹrù, àwọn obìnrin mìíràn tẹ̀ lé e lẹ́yìn, igi wà ní èjìká gbogbo wọn. Wọ́n já a sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, ó dún gìrì. Jósẹ́fù ní a ò ránṣẹ́ igi o. Ìyá Onígi nu ojú, ó fi Hausa sọ pé, "Búráímọ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé ọmọ mi lọ ọsibítù, ọmọ náà ti lọ́kọ báyìí. Sannu da aiki, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ dáná." Ó yí padà, ó ń lọ. Mo sáré wọlé láti sọ fún ìyá mi. Ó ti gbọ́. Ó dojú kọ ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì, mi ò sì dà á láàmú.

Igi àwọn Gwárí náà jó dáadáa. Ní àárọ̀, èmi àti Ládi la da omi sí i, omi tí a ti fi ọjọ́ kan há lódò. Òkúta ké lábẹ́ wa, ó dún, ó tún dún, ó sì dákẹ́. Nígbà tí ooru rẹ̀ ti rọlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àtùpà wọlé, ó ń jó, Jósẹ́fù tẹ̀ lé e. A gbọ́ òòlù rẹ̀. Láti inú yàrá, ìyá mi pariwo pé, "Ó ń húkọ́!" kò tiẹ̀ rán mi mọ́. A gbọ́ dígà. Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo ẹni tó wà létí kànga bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, Bàbá Sùnmọ́nù sì ti dìde lórí àga rẹ̀. Ohùn Jósẹ́fù wá jáde láti ìsàlẹ̀, ohùn náà yàtọ̀: "Ẹsẹ̀ mi! Ẹsẹ̀ mi ti tutù!"

Bàbá Sùnmọ́nù ju ọ̀pá nù, ó ń sáré bọ̀, agbádá rẹ̀ ń fẹ́, ó ń ké pé, "Mo sọ fún yín! Mo sọ fún yín! Ẹ fà á sókè kó tó kú!" Àwọn ọkùnrin gbá okùn mú. Jósẹ́fù ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀, ẹ̀rín náà ń dún nínú kànga bí ẹ̀rín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ fara balẹ̀! Omi ni! Omi ló ń tutù! Ó ti dé kókósẹ̀ mi!"

N ò lè ka gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà tán. Ládi fò mọ́ mi lọ́rùn, àwọn obìnrin ń gbá ìdí ìkòkò, Hausa ń pe Ọlọ́run, ọmọ ìjọ ń pe Ọlọ́run, Ọlọ́run kan náà sì ń gbọ́ gbogbo wọn. Garawa kìíní tí wọ́n fà sókè, ẹrẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀ ju omi lọ. Mo bù ú sínú igbá, igbá kòkó bàbá mi gan-an, mo gbé e wọlé. Ìyá mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ojú ìlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kò sì kọjá rẹ̀. Ó gba igbá náà lọ́wọ́ mi, ó mu. Ẹrẹ̀ kún ètè rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sàlá, ó ń tutù o." Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín tí ó máa ń rín bí bàbá mi bá fi í ṣeré nídìí ààrò.

Nígbà tí omi náà tòrò díẹ̀, Bàbá Sùnmọ́nù wá pẹ̀lú búútà rẹ̀. Ó bu omi kànga náà, ó ṣe àlùwàlá níwájú gbogbo wa, ọwọ́, ẹnu, ojú, títí dé ẹsẹ̀, ó sì kírun níbẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn náà, ó wo òkìtì òkúta tó ti kó jọ, ó ní, "Jósẹ́fù, òkúta yìí tó ká fi mọ ẹnu kànga yí po, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má jábọ́ sí i. Àbí kò tó?" Jósẹ́fù ní ó tó, Bàbá. Òkúta tí wọ́n fẹ́ fi dí i ni wọ́n fi mọ etí rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Ọmọ mi tó kọ́lé sí Barkin Sale ti gbẹ́ bóróhòlù, mo ń ṣí ẹ̀rọ, omi ń jáde, mo sì ń dúpẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá ń kọjá lọ́dọ̀ kànga yẹn, mo máa ń fi ọwọ́ kan òkúta etí rẹ̀. Kì í húkọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́, bí mo ṣe ń jí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Mo mú garawa, mo mú òṣùká tí bàbá mi hun fún mi, mo sì mú ọ̀nà odò pọ̀n. Ẹsẹ̀ mi kò bi mí léèrè. Mo ti dé ìdí igi ọsàn kan tó wà ní ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí. Mo dúró. Ibẹ̀ dákẹ́, ilẹ̀ ń là bọ̀, mo sì rí òkè ẹ̀yìn ilé wa kedere, gbogbo rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé orí. Mo jókòó sórí garawa, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo wá gbọ́ ohùn àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, Ládi ló ṣíwájú, oorun ṣì wà lójú wọn, garawa wà lórí gbogbo wọn, ẹsẹ̀ wọn ń gbé wọn lọ bíi tèmi. Mo dìde, mo dúró sáàárín ọ̀nà, mo gbé òṣùká bàbá mi sókè, mò ń fì í bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ ojú irin dúró. Mo pariwo lédè tí gbogbo wa gbọ́ pé, "Ku koma gida! An samu ruwa!" Mo tún fi Yorùbá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé wa: "Ẹ padà sílé! Omi ti wà nílé!" Mi ò kúrò níbẹ̀ títí mo fi dá gbogbo wọn padà.